Àmín Tí Mo Gbé Mì

Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, ilẹ̀kùn ilé mi sì ní kí n kọ́kọ́ sanwó.

"Ẹ kú ìdúró, Màmá Àwẹ̀ró," ni ilẹ̀kùn wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. "Owó ìdúródè ọ̀sẹ̀ yìí kò tíì wọlé. Bí ẹ bá ti san án, màá ṣí."

"Kí ló ń jẹ́ owó ìdúródè?"

"Owó tí ẹ ń san nítorí pé ẹ ń dúró de owó tí ẹ fẹ́ yá."

"Owó tí n kò tíì fojú rí?"

"Òun náà ni, Màmá. Bí ẹ bá ti rí i, owó ìdúródè á dópin. Owó ìgbowó ló máa kù."

Mo di igi ẹnu ọ̀nà mú, mo lẹ itan méjèèjì mọ́ra bí ọmọ iléèwé tí tíṣà kò jẹ́ kó jáde. Ní ọjọ́ orí tèmi, ìtọ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó dé. Òun ni ì bá wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọlé láìsanwó.

Fèrè ooru sì ti dún. Tó bá ti dún lọ́sàn-án, òfin ni pé kí gbogbo ènìyàn wà lábẹ́ òrùlé títí yóò fi tún dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ẹ̀rọ amójútó bá bá níta á san owó ìtanràn, bí oòrùn kò bá kọ́kọ́ pa á. Èmi nìyí láàárín ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kí n wọlé àti ìjọba tí kò fẹ́ kí n wà níta.

Alàájà Sàlámátù, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ọmọge, yọ orí lójú fèrèsé òkè ní ilé kejì.

"Àwẹ̀ró, ijó wo lò ń jó níbẹ̀ yẹn?"

"Ijó ìtọ̀ ni. Sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi gbe orin rẹ̀."

"Dúró, mo ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn tèmi fún ọ. Ohùn mi nìkan ló mọ̀."

"Kí orúnkún rẹ tó sọ̀ kalẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà á ti dé kókósẹ̀ mi."

Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé adìyẹ, mo gbé ìró sókè, mo sì ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe lójú àwọn adìyẹ mi. Àkùkọ kan wò mí títí mo fi parí. Kò wo àwọn ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rín pa mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n jókòó sínú rẹ̀.

Ìgbà tí mo dìde ni mo rí àwọn adìyẹ tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi wọn, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Ooru ti pa wọ́n. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Nítorí wọn ni mo ṣe ń wá owó. Ẹ̀rọ atutù ni mo fẹ́ rà sínú ilé adìyẹ, torí kò sí adìyẹ tó lè la ẹ̀ẹ̀rùn ayé ìsinsìnyí já láìsí i. N kò lówó rẹ̀, ni mo bá ní kí Ìrọ̀rùn Dé, àwọn alágbàtà owó, bá mi wá ẹni tó máa yá mi. Wọn kò ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè lọ jókòó sí. Ẹnu ilẹ̀kùn ènìyàn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bí owó ẹyin bá ti wọ àpò mi ni wọ́n ń fà á yọ. Adìyẹ ń kú, owó ń lọ, ẹni tó fẹ́ yá mi lówó kò sì tíì dé.

Ilé Alàájà ni Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ mi, ti bá mi nígbà tí fèrè kejì dún. Ibi àyẹ̀wò oyún ló ti ń bọ̀. Oyún rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, bó ṣe ń rìn ni ó ń fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn.

"Màmá, wọ́n ní kò sí ilé wa nínú àwọn ilé tí wọ́n lè gbé ọmọ tuntun lọ," ó ní. "Wọ́n ní ìdógò ni."

"Ilé ta ni ìdógò?"

"Ilé yín. Tí ẹ bá jẹ owó yìí di ìparí oṣù, Ìrọ̀rùn Dé ló ni ín. Àgọ́ onígbèsè ni wọ́n máa kó wa lọ."

Mo ti dé àgọ́ yẹn rí, mo lọ kí ẹnì kan. Tapólì ni òrùlé wọn. Ní ọ̀sán, ènìyàn á rò pé inú ìkòkò ni òun wà.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" Ìbíyẹmí bi mí.

"N kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Èmi tí n kò rí bírò rà láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú."

Ilé Alàájà la sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, a kọrí sí Ilé Ìlàjà. Ọ̀gbẹ́ni Látúndé tó wà lórí àga níbẹ̀ kò dàgbà ju ọmọ tí mo lè fi ẹ̀yìn pọ̀n lọ, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó rí roboto bí àkàrà sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ àdéhùn yín," ó ní.

Ohùn ilẹ̀kùn mi jáde nínú àkàrà náà. "Màmá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́ adìyẹ. A ó bá yín wá ẹni tó máa yá yín lówó, a ó máa yọ owó ìwáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé yín ni ìdógò, Ọlọ́run á sì jẹ́ kí owó náà tètè dé."

Ohùn èmi gan-an wá tẹ̀ lé e, ó dún gbọnmọ-gbọnmọ. "Àmín o."

"Bí ó bá pẹ́, a ó yọ owó ìtúnwò. Bí ó bá tún pẹ́, a ó yọ owó ìdúródè. Ẹ ò sì ní fi àìsàn ná an."

"Àmín. Àmín lórúkọ Jésù."

"Bí ẹ kò bá rí i san, ilé yóò di tiwa, ẹ ó sì pẹ́ fún gbogbo ọmọ yín."

"Àmín àṣẹ."

Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pàápàá. Ìyá àgbà kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń ṣàmín bí ẹni tí wọ́n fi ìrẹsì àti ẹran bẹ̀, èmi sì ni. Nígbà tó yá, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wo ojú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, mo rí i pé ẹ̀rín ń tán lẹ́nu tiwọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olúkúlùkù ṣe ń rántí ilẹ̀kùn tirẹ̀.

"Àdúrà ni mo dá lóhùn," mo ní. "N kò dá owó lóhùn."

"Nínú gbólóhùn kan náà ni wọ́n wà, Màmá. Ẹni tó bá fi ohùn ara rẹ̀ gba ìparí ọ̀rọ̀, òfin ní ó ti gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ta ló máa sọ pé rárá, nígbà tí wọ́n ní kó má fi àìsàn náwó? Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Bí wọ́n bá ṣàdúrà fún ọ, kí lo máa ń sọ?"

Ó wo tábìlì. "Mo ti kọ́ bí mo ṣe ń mi orí," ó ní.

Ó bà mí nínú jẹ́ ju ọ̀rọ̀ ilé lọ fún ìṣẹ́jú kan.

"Ọ̀nà kan wà," Látúndé ní. "Ẹ lè bèèrè Ìdákẹ́. Ilẹ̀kùn yóò tún gbogbo àdéhùn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lójú mi. Bí ẹ kò bá fọhùn títí yóò fi parí, àdéhùn já. Ilé padà di tiyín. Bí ẹ bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó lẹ̀ pa nìyẹn, n kò ní lè ràn yín lọ́wọ́ mọ́."

"Owó tí wọ́n ti kó lọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ, Màmá. Ẹ̀rọ ilẹ̀kùn yín lè fi ohun tó bá wù ú kún àdúrà rẹ̀, òfin gbà á láyè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sẹ́nu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nílé."

"Jẹ́ kó máa wí. Ọkọ tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ ni mo bá sùn títí ó fi kú. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ kan."

Bí a ṣe ń padà lọ sílé pẹ̀lú Látúndé, Alàájà ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́.

"Ìwọ lo fẹ́ dákẹ́, Àwẹ̀ró? Ìwọ tó ń bá afẹ́fẹ́ jà bó bá gbé aṣọ rẹ sọnù?"

"Màá dákẹ́ bí òkúta."

"Ó dáa. Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Àmín."

"O rí i?"

Látúndé tó ń rìn níwájú bojú wẹ̀yìn. A dúró sójú títì, a rẹ́rìn-ín bí àwọn wèrè. Ìbíyẹmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri ilé ẹnì kan mú, ó di ojú, ó mí èémí gígùn kan, ó sì ní kí a máa lọ, pé kò sí nǹkan kan.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Èmi tí mo ti bí ọmọ, tí mo ti gbẹ̀bí ewúrẹ́, tí mo mọ̀ bí obìnrin ṣe ń mí nígbà tí kò bá sí nǹkan kan.

Látúndé gbé àkàrà rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé mi. Alàájà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ìbíyẹmí fara ti ògiri. Èmi dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo fún ìró mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ jà.

Ó rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ka owó ìwáwó, ó ní adìyẹ mi á yé ẹyin títí àwo kò ní gbà á. Mo wo òrùlé. Ó ka owó ìtúnwò, ó ní orúnkún mi á yá, màá tún jó. Mo wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wú bí iṣu, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ka owó ìdúródè, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ ọkọ mi sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyẹn wọ̀ mí lára díẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi nínú ọkàn pé kó má bínú, kó fojú inú wò ó pé òun ló ń hanrun.

Ohùn ilẹ̀kùn wá rọ̀ sí i.

"Mo gbọ́ èémí Ìbíyẹmí," ó ní. "Ìrọbí ti mú un láti àárọ̀."

Gbogbo wa yí padà. Ìbíyẹmí ti tẹ orí mọ́ ògiri, òógùn ń kán létí rẹ̀.

"Ilé yìí ni ìdógò gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, gbogbo owó tí a kà á máa lọ bó ṣe ń lọ, Ìbíyẹmí á sì bímọ ní wẹ́rẹ́."

"Àmín," ni Alàájà wí. Ohùn tirẹ̀ kò kan àdéhùn náà, ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣàmín.

"A ò ní gbọ́ igbe ọmọ kí á máa gbọ́ ẹkún ìyá."

"Àmín," ni Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ tínrín. Ó yí ojú padà, ó wò mí. Ó ń dúró.

Mo fa gèlè mi yọ, mo fi dí ẹnu.

"Ohun tó ṣe Mobọ́láńlé ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn ìrọbí, kò ní ṣe òun."

Mo gbọ́ ohùn Látúndé lẹ́yìn mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àmín." Ẹni tó ní òun ti kọ́ orí mímì.

Ọmọ mi ni Mobọ́láńlé. Ọwọ́ mi ló kú sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú bàtà mi. Ìbíyẹmí ni ó bí lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì fi omi adìyẹ sísè tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà tí oyún yìí ti yọ ni mo ti ń gba àdúrà kan ṣoṣo yìí, nínú yàrá mi, pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti gbọ́ ọ. Àdúrà mi ni ó jí tó fi ń bá mi ṣòwò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bá ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó dákẹ́, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ṣépè? Ahọ́n mi ń ti gèlè náà, ó fẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti wà lẹ́nu mi, mo ń tọ́ ọ wò bí iyọ̀.

"Màmá," ni Ìbíyẹmí wí. Kò pariwo.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Àwọn adìyẹ tó nà gbọọrọ lánàá ni mo rí, àti tapólì àgọ́ onígbèsè, àti ọmọ tí kò tíì ní orúkọ lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó la ẹnu sílẹ̀.

"Màmá Àwẹ̀ró," ni ilẹ̀kùn tún wí, "ṣé ẹ ò gbọ́ àdúrà tí mo ṣe fún ọmọ yín ni?"

Mo gbé àmín náà mì. Ó lọ sísàlẹ̀ bí egungun ẹja.

Àkàrà orí àtẹ̀gùn dún lẹ́ẹ̀kan. "Ó ti parí," ni Látúndé wí. "Àdéhùn ti já, Màmá. Ilé yín ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ káàbọ̀ sílé, Màmá Àwẹ̀ró," ó ní, ohùn kan náà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. "Owó tí ẹ ti san kì í padà. Ìrọ̀rùn Dé dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Mo yọ gèlè lẹ́nu. Mo na ọwọ́ sí Ìbíyẹmí pé kó jẹ́ ká wọlé kí n lè kó aṣọ ọmọ, ká sì máa lọ. Kò di ọwọ́ mi mú.

"Torí ilé ni," mo ní. "Torí ọmọ ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo mọ gbogbo rẹ̀." Ó mí, ó dúró kí ìrora náà kọjá. "Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mò ń wò."

Látúndé ti pe ọkọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ó dé láìní awakọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbíyẹmí ní, "Alàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sìn mí lọ." Alàájà wò mí, mo fi orí sọ fún un pé kó máa lọ. Èmi náà ti kọ́ orí mímì.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà lẹ́yìnkùlé, inú ilé nìkan la sì ń gbà dé ibẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni òfin ní kí wọ́n má fi etí sí. Àwọn aṣòfin náà ń yàgbẹ́, ó jọ pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ bí tiwọn ṣe ń dún. Mo wọ inú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn onípákó mọ́ra mi, mo jókòó láìká ìró sókè. Mo tún àdúrà ilẹ̀kùn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń yọ owó kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ìbíyẹmí á bímọ ní wẹ́rẹ́. Àmín. A ò ní gbọ́ ẹkún ìyá. Àmín. Ohun tó ṣe Mobọ́láńlé. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti já. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Fèrè ooru dún, mo wà níbẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì, mo wà níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá àmín tó pẹ́ ń wúlò, tàbí wọ́n ń gba owó ìdúródè lórí rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún náà.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Alàájà níwájú ilé, tó ń pe orúkọ mi. Mo jáde. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù àárọ̀, ó ń fi ìborùn fẹ́ra.

"Obìnrin ni," ó ní. "Ó tóbi. Orí rẹ̀ jọ tìẹ, ọmọ náà kò ṣoríire níbẹ̀ yẹn."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Ó ti jẹun."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. "Ṣé ó bèèrè mi?"

"Ó ní kí n kí ọ."

"Ṣé ó ní kí n wá?"

Alàájà ń ká ìborùn rẹ̀, ó tún ń tú u. "Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sùn."

Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ ohun tí kò sọ. Alàájà rí ojú mi. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe, ó na ọwọ́ sókè. "Má sunkún. Ọlọ́run á wo ọmọ náà, á dàgbà lójú rẹ, inú Ìbíyẹmí á—"

Mo dìde, mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn. Iná kékeré tó wà lókè rẹ̀ ń tàn, bí ojú ẹni tó ń tẹ́tí.

Mo fa ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, a gba inú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdí Alàájà nìkan tó láti kún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Mo tì í wọlé, mo fún ara mi mọ́ ọn, ògiri ń ha wá léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí tèmi. Mo fa ilẹ̀kùn onípákó, ilẹ̀kùn tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ibí yìí ń rùn, Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀. Ó yá, tún un ṣe. Láti ibi ọmọ."

Ó tún un ṣe. Mo la ẹnu, mo ṣàmín, mo ṣe é tó bí ó ṣe wù mí, kó bá òórùn náà gòkè lọ.